Òwú Tí Kò Já

Ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 2013, ní Banjul, mo ṣí báàgì mi: igi tí mo ká òwú mi mọ́ ti wà níhòòhò!

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe òwú yẹn ní Jámánì. Àwọn tíúbù kábọ̀nù tínńtínní tí ojú lásán kò lè rí ni mo lọ́ pọ̀, ibì kan le, ibì kan rọ̀, bí aláǹtakùn ṣe ń ṣe tiẹ̀. Dúdú ni, ó ń dán, ó sì lè so àgbò iléyá rọ̀. Kò sí òmíràn. Lọ́jọ́ Ajé, òun ni n óò fi wá iṣẹ́.

"Olè!" ni mo ké.

"Olè wo?" Ìyá Abdulazeez, onídìrí àdúgbò wa, ló dáhùn láti ìta. "Ṣọlá, òwú ìkórun tí ẹ̀gbọ́n rẹ rí nínú báàgì rẹ, tó ní o mú bọ̀ fún òun, mà dára o! Gbogbo rẹ̀ ni mo fi kórun fún un. Èyí tó ṣẹ́ kù, mo fi ṣe ìrù sẹ́yìn."

Mo ki eré mọ́lẹ̀. Ìyá Abdulazeez tẹ̀ lé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi Kàfáyàt wà nídìí ẹ̀rọ tó fi ń lọ jéró lọ́jà. "Àbúrò mi, wo irun! Ṣé mi ò ti di ìyàwó tuntun?" Ó yí orí kí n lè rí ẹ̀yìn. Ìrù òwú fò sínú bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń yí.

Bẹ́líìtì gbé e.

"Ṣọlá! Ó ń fà mí!"

Òwú mìíràn ì bá ti já. Tèmi kò já. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì ti irin ẹ̀rọ, ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀. Ebrima tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ń lu ẹ́ńjìnnì náà kó lè kú, kò kú. Orí ẹ̀gbọ́n mi kù bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí bẹ́líìtì. Ìyá Abdulazeez yọ sísọ́ọ̀sì.

"Ẹ má gé e!"

Ta ló pariwo? Èmi ni. Ohùn mi dẹ́rù ba èmi alára.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo já sísọ́ọ̀sì gbà, mo gé e. Òwú tó lè gbé àgbò, ẹnu sísọ́ọ̀sì kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó pín sí méjì.

Kàfáyàt jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń sun níwájú orí rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ní kí wọ́n má gé e?"

"Mo... mo rò pé wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì ṣe yín léṣe ni."

"Ìyá Abdulazeez," ló wí jẹ́ẹ́, "ẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò lórí mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sún orí sẹ́yìn kúrò lọ́wọ́ mi, bí ẹni tí bẹ́líìtì tún fẹ́ gbé.