Ìpín Ẹ̀wà

Ìwádìí mẹ́rin ló ń retí owó àwọn olùrànlọ́wọ́: ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà. Mẹ́ta péré lowó náà lè ká, èmi sì ni olùpín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń darí ti ẹ̀wà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń wá irúgbìn tí kòkòrò ò ní lè jẹ, wọn ò sì tíì rí i. Ti ẹ̀wà ni mo fagi lé.

Nígbà tí wọ́n pè, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Àbúrò mi, èmi náà ì bá fagi lé e. Irúgbìn ẹ̀wà tá a tọ́jú sínú yàrá tútù ńkọ́, ta ni yóò máa sanwó iná rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Wọ́n ní kí n bá àwọn kí àwọn ọmọ mi.

Mo ṣí fáìlì tó kàn.