Ìdajì Ìwé Bọ́láwùmí

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé Ìlá pé Bernice, ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ti wọ Yunifásítì Ifẹ̀, mo jowú débi pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ilé ẹ̀kọ́ wọn kò ní olùkọ́ kẹ́mísírì. Òun àti Bọ́láwùmí ọmọ mi ni wọ́n jọ ra ìwé kẹ́mísírì kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ọ̀bẹ là á sí méjì, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ kà. Bọ́láwùmí ló máa ń ṣàlàyé fún un. Ibà pa ọmọ mi kí ìdánwò tó dé.

Bernice kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Ìyá Bọ́láwùmí."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o wá fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Rárá, mà. Àwọn àbúrò wa nílé ẹ̀kọ́ kò ní ìwé. Ìdajì tèmi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tirẹ̀ kún un."

Owú náà kò tíì lọ. Síbẹ̀, mo mú ìdajì ọmọ mi jáde lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo wá abẹ́rẹ́ àti òwú, mo sì rán méjèèjì pọ̀.