Àpótí Pupa Lójú Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ ìyá yìí ni kó máa tẹ lẹ́tà tí àwọn dókítà bá fi ohùn sọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló gbà á, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣe é láti yàrá rẹ̀. Láàárọ̀, yóò tan kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fún un, yóò ṣí VPN, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń gbé e láti ilé wọ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn láìjẹ́ kí ojú ọlọ́jú rí ohun tó ń kọjá. Yóò máa tẹ lẹ́tà títí di ìrọ̀lẹ́. Kíndìnrín lágbájá, ẹ̀dọ̀ tàmẹ̀dò. Nígbà tí yóò bá fi dìde, ọrùn rẹ̀ á ti gan, á sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ni gbogbo àìsàn náà ń ṣe.

Ó ti tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́sàn-án tí àpótí kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan ti ń yọ lójú kọ̀ǹpútà kí VPN tó ṣí. Kò kà á rí. Bí ẹní lé eṣinṣin ló ń tẹ "Ó dáa", tí yóò sì kọjá lọ. Ẹni tó ní ogójì lẹ́tà nílẹ̀, ìgbà wo ni yóò ráyè ìkìlọ̀?

Lọ́jọ́ kẹwàá, àpótí náà pọ́n. Kò sí "Ó dáa" níbẹ̀ mọ́. VPN kọ̀, kò ṣí. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, pàbó ló já sí. Ló bá pe ọmọbìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn náà.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí lé mi síta. Ó ní kọ̀ǹpútà mi ò bá ìlànà mu. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, mà." Ohùn tirẹ̀ náà rẹ̀. "Ilẹ̀kùn ni VPN yẹn. Kó tó gba kọ̀ǹpútà yín wọlé, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ara ẹ̀ le, kó má kó àìsàn ran tiwa. Ìyeyè ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe é, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Pupa ń sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Àlàyé' sí."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó kà á sókè: wọ́n ti pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ni wọ́n fi pa á, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

"Ta ló wà nídìí ẹ̀ nígbà yẹn, mà?"

Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló lọ. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà nílé, òun nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

"Jẹ́ n pè ẹ́ padà," ló sọ.

Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ní ọ̀nà ti sú òun. Ó ń lọ aṣọ ní pálọ̀ lọ́wọ́. Bí ìyá ṣe ń lọ bá a, ó ń rò ó pé tẹ́tẹ́ ni àbí obìnrin, ó sì mọ̀ pé èyíkéyìí tó bá jẹ́, òun ò lágbára ìjà.

"Bàbá wọn, kí lẹ fi kọ̀ǹpútà mi ṣe lọ́jọ́ tí mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi?"

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Mo fi nǹkan kan sí i, èyí tó máa ń ka ìwé síni létí. Kọ̀ǹpútà yẹn ò gbà á, mo bá pa ohun tó ń dí i lọ́wọ́."

"Ìwé wo lẹ ò lè fojú yín kà?"

"Gbogbo ẹ̀. Ojú òsì ti lọ, Ìyá wọn. Ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Lẹ́tà dókítà ni mo ní kó kà fún mi."

Orí aṣọ tí bàbá ti lọ̀ ni ìyá jókòó sí. "Èmi tí mò ń tẹ lẹ́tà dókítà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ò fún mi kà?"

"Ìdí ẹ̀ náà nìyẹn. Ilé ìwòsàn mìíràn ni mo lọ, torí tí mo bá lọ sí tiyín, ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń wo bó o ṣe ń dìde nídìí iṣẹ́ yẹn. Mo ní kí tèmi má kún un."

"Kò yẹ kó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló máa sọ fún mi."

"Mo mọ̀."

Bàbá mú ṣẹ́ẹ̀tì tó kù. Ìyá rí i pé ọwọ́ ló fi ń wá ibi tí aṣọ ti hunjọ. Ó ti ń rí i bẹ́ẹ̀ láti oṣù mélòó kan, kò kà á sí.

Ó pe ọ́fíìsì padà, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi kan bò. Ọmọbìnrin náà ní kó gbé kọ̀ǹpútà wá kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, torí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ti bá nǹkan yẹn wọlé. Ó fi kún un pé ẹ̀rọ iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ ẹbí. Ìyá ní òun gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àti bàbá ló jọ lọ sí ilé ìwòsàn náà. Wọn ò bá àìsàn kankan nínú kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun tí bàbá fi sí i, wọ́n tan èyí tó ń ṣọ́ ọ padà. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ bá bàbá wá òmíràn sórí fóònù tirẹ̀. Kí wọ́n tó parí, nọ́ọ̀sì kan tó mọ ìyá ti wá àyè fún wọn lọ́dọ̀ dókítà ojú lókè. Dókítà ní ọwọ́ ò lè tó ti òsì mọ́, pé tí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n lè rí díẹ̀ gbà là nínú ti ọ̀tún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, VPN ṣí láìsí ìkìlọ̀ kankan. Lẹ́tà tí dókítà ojú sọ nípa bàbá ló ṣìkẹta. Ìyá lè tì í sí akọ̀wé mìíràn, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ dópin, ó yẹ àmì orí ọ̀rọ̀ wò, ó fi ránṣẹ́, ó wá pe bàbá wọn wọ yàrá, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn.

Lẹ́yìn náà ó padà sídìí iṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́tàdínlógójì ṣì kù nílẹ̀.