Ọ̀bùn Inú Sinimá

Kò sí obìnrin tó mọ́ tó Ràfátù ẹlẹ́kọ ní gbogbo Ọ̀tà, ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ ná. Ayé àwọn òyìnbó là ń wí yìí, nígbà tí gbogbo ọ̀nà Ṣàngó ṣì jẹ́ oko, tí kò tíì sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń rú èéfín níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ràfátù ń gbá àgbàlá rẹ̀ lójúmọ́. Tó bá rẹ àgbàdo, omi mẹ́rin ló fi ń ṣàn án kó tó gbé e dé orí ọlọ. Ewé tó fẹ́ fi pọ́n ẹ̀kọ, á nù ún níwá, á nù ún lẹ́yìn. Jìbírílù ọkọ rẹ̀, tó ń ránṣọ, kò jẹ́ fi òwú já sílẹ̀ nínú yàrá, àfi tí kò bá fẹ́ jẹun alẹ́. Ọjà Ìjù ni Ràfátù ti ń tà jù. Àwọn ará Ìjù a máa ní àwọn lè jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ nínú òkùnkùn láìbẹ̀rù. Ẹ̀kọ náà ni wọ́n mọ̀ o. Kò sí èyí tó dé ilé rẹ̀ rí nínú wọn.

Lọ́dún kan, Tíṣà Fọláwẹwọ́, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú, mú ọkùnrin kan wá láti Èkó. Adédùntán lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó máa ń fi ẹ̀rọ ya àwọn ará ìlú ní sinimá kéékèèké, á sì fi mọ́tò gbé e láti ìletò dé ìletò kí àwọn èèyàn lè wò ó kọ́gbọ́n. Kò ní òṣèré kankan. Àwọn ará ìlú ló ń bẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń jáde, kò sì sí owó níbẹ̀. Èyí tó fẹ́ yà ní Ọ̀tà, ìtàn obìnrin méjì ni. Ọ̀kan mọ́, èkejì jẹ́ ọ̀bùn. Eṣinṣin bà lé oúnjẹ ọ̀bùn, ọmọ ọ̀bùn jẹ ẹ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. Gbogbo ìtàn náà nìyẹn.

Tíṣà kó àwọn obìnrin jọ síwájú ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó bèèrè ẹni tó máa ṣe obìnrin tó mọ́, ọwọ́ lọ sókè rẹpẹtẹ. Kùdírátù ọlọ́lẹ̀lẹ̀ ni wọ́n mú, nítorí ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ó sì ní ìró tuntun. Nígbà tó wá bèèrè ẹni tó máa ṣe ọ̀bùn, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dákun, eré lásán ni," Tíṣà bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ lọ mú ìyàwó yín wá kó ṣe é," ẹnì kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn.

Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà, tí kò lójú tí kò nímú, ni Ràfátù dìde, ó ní òun máa ṣe é. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ rèé: ẹni tí wọ́n ń fura sí tẹ́lẹ̀ ni irú eré bẹ́ẹ̀ ò yẹ. Ta ló máa pe òun ní ọ̀bùn? Gbogbo ayé ló mọ òun. Ó gbàgbé pé gbogbo ayé tó ń wí yìí, kò kọjá Ọ̀tà.

Inú Jìbírílù kò dùn sí i rárá. "Ìyá Sírájù, orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ìwọ wá fẹ́ fi tìẹ ṣeré."

"Bàbá Sírájù, bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe olè nínú eré, ṣé wọ́n á tì yín mọ́lé ni?"

 Jìbírílù padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya sinimá, Adédùntán wọ àgbàlá Ràfátù, ó wò yí ká, ó mi orí. "Ìyá, ilé ọ̀bùn la fẹ́ yà. Ilé tiyín yìí dà bí ilé tí wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó wọ̀."

Wọ́n wá ilé mìíràn káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, àwọn tí ilé wọn dọ̀tí gan-an, kò sí èyí tó gbà pé ilé òun dọ̀tí nínú wọn. Ni wọ́n bá pinnu pé àwọn á kúkú ru ìdọ̀tí wá sí ilé Ràfátù. Bàdírù ọdẹ gbé ẹní tó ti ya wá. Àmọ̀dá fa ewúrẹ́ méjì dání. Tíṣà fúnra rẹ̀, olùkọ́ ìmọ́tótó, ní kí wọ́n lọ kó pàǹtí lẹ́yìn ilé òun, agbọ̀n méjì ló kún dẹ́nu. Kùdírátù gbé ìkòkò kan wá tó dúdú kọjá èédú, ọbẹ̀ àná àti ti ìjẹta ti gbẹ mọ́ ọn létí. "Ẹ mú u, ó kàn wà nílé ni," ló wí, ó sì yáa kúrò níbẹ̀.

Wàhálà ńlá ni wọ́n fi yà á. Bí Adédùntán bá ti kọ ẹ̀yìn, Ràfátù á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa gbálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀!"

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni, èmi kọ́."

Eṣinṣin pàápàá kọ̀, kò wá. Wọ́n ní láti ta oyin sí oúnjẹ kí méjì mẹ́ta tó yọjú. Sírájúdéènì, ọmọ Ràfátù, tó yẹ kó máa ké pé inú ń run òun, oyin yìí ló ń lá, tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n yà á tán, gbogbo wọn tú ká, kò sì sí ẹnì kan tó rántí ru ìdọ̀tí rẹ̀ padà. Ràfátù nìkan ló gbá a, ló fọ̀ ọ́, títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń wá ilé tó mọ́ tí Kùdírátù máa jókòó sí. Ilé ta ni kí wọ́n lọ? Ilé Ràfátù kan náà ni, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kàn gbà wọlé.

Wọ́n fi sinimá náà ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó pé kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́. Oṣù kẹrin ló tó dé. Àwọn ará Ọ̀tà rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e wá, àmọ́ mọ́tò gba Ìjù lọ lọ́jọ́ Alámíìsì. Ràfátù kò gbọ́. Láàárọ̀ Jímọ̀, ó gbé igbá ẹ̀kọ karí, ó lọ sọ́jà Ìjù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rà. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Àwọn ọmọdé ń na ìka sí i. Nígbà tó yá, Ìyá Àdìzát dé, arúgbó tó máa ń ra ẹ̀kọ fún gbogbo agboolé rẹ̀. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wo Ràfátù tàánútàánú.

"Ọmọ mi, mo rí ilé ẹ lánàá."

"Níbo lẹ ti rí i, Ìyá?"

"Lára aṣọ funfun tí wọ́n ta."

"Háà! Sinimá ni, Ìyá! Eré la ṣe!"

"Eré kẹ̀? Ewúrẹ́ tó ki orí bọ ìkòkò ẹ, ṣé òun náà mọ̀ pé eré ni?"

Kí lèèyàn máa sọ sí irú ọ̀rọ̀ yẹn? Àwọn ará Ìjù ò burú, àwòrán tó ń purọ́ ni wọn ò rí rí. Ràfátù di igbá rẹ̀ padà bó ṣe gbé e wá, ó ń sunkún bọ̀ lójú ọ̀nà, kò tiẹ̀ bìkítà ẹni tó rí i. Ogún ọdún ló fi kọ́ orúkọ yẹn. Bí Ìjù bá sì fi lè kọ ẹ̀kọ rẹ̀, ọjà rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mọ́tò dé Ọ̀tà, Ràfátù wá Adédùntán lọ síbi tó ti ń ta aṣọ funfun sára igi. Ó ní kó yọ òun kúrò nínú sinimá náà.

"Ìyá, ti ìjọba ni, mi ò gbọdọ̀ gé e. Ìlú mìíràn ṣì wà níwájú, Adó-Odò ló kàn."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ inú ẹ̀?"

"Èmi ni. Kò ní ohùn. Èmi ni mò ń di gbohùngbohùn mú, tí mò ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ nípa mi ní Ìjù?"

Adédùntán fi ọwọ́ họ orí. "Mo ní, 'Ẹ wo ọ̀bùn yìí.'"

"Ẹ ò sọ pé eré ni?"

"Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi, Ìyá."

"Ó dáa. Nírọ̀lẹ́ yìí, èmi ni màá sọ tèmi."

Adédùntán rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, gbogbo Ọ̀tà ti jókòó sórí àga, sórí ẹní, sórí ẹ̀ka igi. Ìró ẹ̀rọ ń dún, ìmọ́lẹ̀ bà lára aṣọ, àgbàlá Ràfátù sì yọ gbàgàdà, pàǹtí kún gbogbo ilẹ̀. Adédùntán gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ẹ wo ọ̀bùn yìí," ló wí. Ni ọwọ́ kan bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ jà á gbà, àmọ́ àwọn èèyàn ti pariwo: "Ẹ fún un! Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́!"

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o," ni Ràfátù wí, ohùn rẹ̀ sì bú jáde débi pé ẹ̀rù kọ́kọ́ ba òun alára. "Èmi Ràfátù ẹlẹ́kọ ni. Ẹní tí ẹ rí yẹn, ti Bàdírù ọdẹ ni. Kò wá gbé e padà, bóyá ó ti ra tuntun."

Ẹ̀rín sọ. Bàdírù dìde, ó ní òun ò tíì rà.

"Ewúrẹ́ yìí, ti Àmọ̀dá ni. Ó jẹ ewé ẹ̀kọ mi, kò sì tọrọ àforíjì. Pàǹtí tí ẹ ń wò yìí, àárín agbọ̀n méjì ló ti wá, ẹ̀yìn ilé Tíṣà Fọláwẹwọ́ ni wọ́n sì ti kó o."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín nígbà yìí, ó kù díẹ̀ kí ẹni tó wà lórí igi já bọ́. Tíṣà fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Inú Ràfátù dùn dé ibi tó dùn dé. Ó rí i pé òun lè sọ ohunkóhun báyìí, kí gbogbo ìlú sì gbọ́.

Ni ìkòkò bá yọ. Ó tóbi lára aṣọ náà, ó dúdú, ọbẹ̀ gbígbẹ ń dán létí rẹ̀. Ràfátù wo iwájú, ó rí Kùdírátù láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ti fa gèlè bo ojú. Gbogbo èèyàn ń retí. Ràfátù rántí bí igbá ṣe wúwo lórí òun láti Ìjù dé Ọ̀tà.

"Ìkòkò yìí," ló wí, "ọwọ́ ara mi ni mo fi kùn ún ní èédú." Ó sì dá gbohùngbohùn padà fún Adédùntán.

Nílé, Jìbírílù ò lè pa ẹnu dé. "Ìyá Sírájù, o pa wọ́n lẹ́rìn-ín! Gbogbo Ọ̀tà ti mọ òótọ́."

"Ọ̀tà mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, Bàbá Sírájù," ni Ràfátù dáhùn. "Ìjù ńkọ́?" Èrò Ìjù kò wá, wọ́n ti wo tiwọn. Èyí ni kò jẹ́ kó lè sùn dáadáa.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà Ìjù tún pé, ó pọ́n ẹ̀kọ díẹ̀, ó ní kí òun ṣáà lọ dán an wò. Ẹnu ọ̀nà ló ti bá Kùdírátù, tó gbé igbá ọ̀lẹ̀lẹ̀ karí.

"Mò ń bá ẹ lọ," ni Kùdírátù wí.

Nígbà tí wọ́n rìn dé ìdajì ọ̀nà, Kùdírátù kọjú sí i. "O mọ̀ pé ìkòkò mi ni."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Oúnjẹ ni ìwọ náà ń tà," ni Ràfátù dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe wọ ọjà Ìjù báyìí, ariwo ta. "Obìnrin tó mọ́ ti dé o! Obìnrin inú sinimá!" Àwọn èèyàn rọ́ wá, wọ́n ń kí Kùdírátù bí ìyàwó tuntun, ẹnì kan tiẹ̀ gbé àga fún un. Kùdírátù gbé àga náà, ó lọ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràfátù. Ó jókòó, ó mú ẹ̀kọ kan, ó tú ewé rẹ̀ lójú gbogbo ọjà, ó fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí i, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá.

"Ẹ̀kọ obìnrin yìí nìkan ni mò ń jẹ," ló kéde. "Tí mi ò bá rí tirẹ̀, màá kúkú fi ebi sùn."

Ìyá Àdìzát wo Kùdírátù, ó wo Ràfátù, ó tún wo ẹ̀kọ. "Bí ẹni tó mọ́ tó báyìí bá ń jẹ ẹ́," ló wí, "ta ni èmi tí n kò ní jẹ?" Ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ láti rà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àyè láti dúró níwájú Ràfátù mọ́. Ó ń ta ọjà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ayọ̀ ni.

Kùdírátù na ọwọ́, ó fẹ́ mú ẹ̀kọ kejì. Ràfátù rọra gbá ọwọ́ náà, ó sì bu omi fún un.

"Fọ ọwọ́ ná," ló wí.