Alùpùpù Tí Apá Ghislaine Ká

Láti ìgbà tí Ghislaine Potvin ti fẹ́ Clermont Boily, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí bí wọ́n bá gun alùpùpù yìnyín, èyí tó ń fi bẹ́líìtì abẹ́ rẹ̀ rìn lórí yìnyín dípò táyà. Ní abúlé wọn lẹ́sẹ̀ òkè Valin, ìgbà òtútù máa ń pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní alùpùpù, ilé ni yóò jókòó sí tí yóò máa wo ojú fèrèsé. Ghislaine kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sílé. Òun ló ń dáná fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ abúlé náà. Obìnrin kúkurú ni, ara rẹ̀ le, ohun tó bá sì wà lọ́kàn rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, bí wọ́n ṣe ń mu kọfí, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ ra alùpùpù tòun.

Clermont gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló ṣe tèmi?"

"Kò sóhun tó ṣe é. Ẹ̀yìn rẹ dára láti wò, Clermont, ṣùgbọ́n mo ti wò ó tó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun lòun máa bá a yàn án. Awakọ̀ agbégilódò ni Clermont, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń wa ohun tó wúwo lórí yìnyín, ó sì dá a lójú pé bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ló ṣe máa ń dúró dáadáa tó.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Yvan Gilbert ní ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Yvan ló ta alùpùpù Clermont fún un, ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó fi méjì hàn wọ́n. Ọ̀kan dàbí ti Clermont gan-an: ẹ́ńjìnì ńlá tí kì í pariwo, gíláàsì gíga níwájú tó ń dènà atẹ́gùn, àga tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Èkejì tín-ín-rín, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré, kò sì sí gíláàsì gíga kankan níwájú rẹ̀. Yvan ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Clermont ti gbọ́wọ́ lé èyí tó tóbi. Ó ní èyí ló máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, pé bí atẹ́gùn orí adágún bá kọlu èyí tín-ín-rín yẹn, ìlú Chicoutimi lọ́hùn-ún làwọn á ti lọ máa wá ìyàwó òun.

Ghislaine kọjú sí Yvan. Ó bi Yvan léèrè ìwọ̀n àwọn méjèèjì. Yvan ka ohun tó wà lára páálí tí wọ́n so mọ́ wọn. Èyí tó kéré lé díẹ̀ ní igba kílò, èyí tó tóbi sì ń lọ sí ọ̀ọ́dúnrún.

"Ṣé epo wà nínú wọn nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n?"

Yvan rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rárá, Màdáàmù. Kò sí epo, kò sí ọ́ìlì, kò sí omi. Bẹ́ ẹ bá rọ gbogbo ìyẹn sí i, ẹ fi bí ogún sí ọgbọ̀n kílò kún un."

"Èmi ò ní gun alùpùpù tí ò ní epo nínú, Yvan. Ìwọ̀n tó bá ní epo nínú ni kó o máa sọ fún mi."

Ó yí lọ sẹ́yìn èyí tó tóbi, ó di irin ìdí rẹ̀ mú, ó tẹ orúnkún, ó sì fẹ́ gbé e. Kò tiẹ̀ mì. Ó tún gbìyànjú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó wá lọ sídìí èyí tó kéré. Ìyẹn náà kò rọrùn, àmọ́ ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀, obìnrin náà sì sún un sọ́tùn-ún, ó sún un sósì, kó tó gbé e kalẹ̀.

Clermont ká ọwọ́ gbera. "Ṣé àpò ànàmọ́ lo fẹ́ rà ni?"

"Bó bá há sínú yìnyín lọ́jọ́ kan, èmi ni màá gbé e. Ìwọ lè ti lọ jìnnà."

Ọ̀nà kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà tí Yvan máa ń jẹ́ káwọn oníbàárà fi dán nǹkan wò. Ghislaine kọ́kọ́ gun èyí tó wúwo. Níbi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, ńṣe ló ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi lórí omi tó tòrò, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n tó bá dé kọ́nà, alùpùpù náà ṣì máa ń fẹ́ lọ tààrà, àfi kó fi gbogbo ara fà á. Nígbà tó gun èyí tó kéré, kọ́nà di nǹkan eré. Ibi tó bá fẹ́ yà sí ló ń yà sí. Gbágungbàgun ni kò bá a ṣe dáadáa. Ó ń ta á sókè, ó ń jù ú sílẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń gbára wọn. Clermont dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo gbogbo rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló ní kò kúkú sóhun tóun fẹ́ sọ mọ́.

Yvan ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní kì í ṣe fífúyẹ́ alùpùpù náà ló ń dà á láàmú. Ẹni tó sanra bíi Clermont ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń de sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀, ara Ghislaine kò sì wúwo tó láti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó mú sípánà, ó dọ̀bálẹ̀ sórí yìnyín, ó dẹ̀ ẹ́. Ghislaine tún gùn ún lọ. Ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, kò lè dàbí ti àgbà alùpùpù yẹn láé, àmọ́ eyín rẹ̀ dákẹ́. Ó yí po lójú ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé ó ń gbádùn rẹ̀, ó sì padà wá sọ fún Yvan pé òun máa rà á, kó wọ́ ọ jáde fóun.

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, wọ́n gbéra lọ sí ilé ìsinmi orí òkè, níbi táwọn tó ń gun alùpùpù máa ń yà sí jẹun ọ̀sán. Clermont ló ṣáájú. Orí adágún ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, níbi tí omi ti dì gbagidi, tí kò sì sí igi kan tó lè dá atẹ́gùn dúró. Ohun tí Clermont sọ ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe irọ́. Atẹ́gùn ń ti Ghislaine lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rọra gbé e lọ sápá òsì, àfi kó fara tì sápá ọ̀tún kó tó lè lọ tààrà. Ọkọ rẹ̀ níwájú jókòó bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Ghislaine gbà nínú ara rẹ̀ pé lórí adágún, ti Clermont dáa ju tòun lọ. Kò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ síta ṣá.

Nígbà tí wọ́n wọ igbó, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó ń lọ́ kiri láàárín igi, ìrìn náà wá dùn mọ́ ọn. Kọ́nà kan ń tẹ̀ lé òmíràn, apá rẹ̀ kò sì ro ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú akoto rẹ̀.

Ní ìyànà kan tó ká kò, wọ́n ṣàdédé rí akọ móòsì kan, ẹran igbó tó dà bí àgbọ̀nrín ńlá, láàárín ọ̀nà. Ó ga ju ẹṣin lọ, kò sì jọ pé ó ń kánjú lọ síbì kankan. Clermont tẹ búrẹ́kì. Bẹ́líìtì abẹ́ alùpùpù rẹ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá yẹn kò dúró. Ńṣe ló ń yọ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹran náà. Ó wá fi gbogbo agbára fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó já kúrò lójú ọ̀nà, ó sì kó sínú yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀. Yìnyín náà mu alùpùpù dé ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ghislaine tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti dúró ní tirẹ̀, àyè sì ṣì wà níwájú rẹ̀. Móòsì náà wo tọkọtaya náà, ó fọn imú, ó sì rọra wọ igbó lọ.

"Clermont, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan. Ojú ló kàn ń tì mí."

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, yìnyín mu ún dé ìbàdí. Ó fún ẹ́ńjìnì níná, bẹ́líìtì yí, ṣùgbọ́n kòtò ló ń gbẹ́ fún ara rẹ̀. Ó wá ní kí Ghislaine fi tirẹ̀ fa òun jáde. Wọ́n so okùn, Ghislaine fún un níná. Bẹ́líìtì rẹ̀ ń yí lójú kan lórí yìnyín títẹ̀, alùpùpù Clermont kò sì sún kúrò níbi tó wà. Tirẹ̀ fúyẹ́ jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Clermont wò ó.

"Má sọ ọ́," ni Ghislaine wí.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Ghislaine tú okùn náà, ó sì lọ ṣí àpótí tó wà lẹ́yìn alùpùpù ọkọ rẹ̀. Ó bá àáké méjì níbẹ̀, ó bá jáàkì, ó bá ṣéènì irin, gálọ́ọ̀nù epo kan tó kún dé ẹnu, àti páànù irin dúdú tí wọ́n fi ń dín ẹran. Ó ń gbé wọn sójú ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ilé lo kó wá."

"Èèyàn ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀."

"Ó ti ṣẹlẹ̀ báyìí. Èwo nínú wọn ló fẹ́ gbé wa jáde?"

Clermont wo ẹrù náà títí. Ó nawọ́ sí ṣọ́bìrì kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpótí náà pátápátá.

Wọ́n jọ gbẹ́ ẹ. Clermont ń kó yìnyín kúrò níwájú, Ghislaine ń fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi ṣe ọ̀nà kékeré kan tó dagun dé orí ọ̀nà gidi. Òógùn bò wọ́n nínú òtútù yẹn. Nígbà tí Clermont fẹ́ gun alùpùpù rẹ̀ padà, Ghislaine di apá rẹ̀ mú.

"Bó o bá gùn ún, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa rì. Èmi ni kí n gùn ún, mo fúyẹ́. Ìwọ lo lágbára, dúró síwájú kó o máa fà á."

Láti ọjọ́ tí Clermont ti ra alùpùpù yẹn, kò sẹ́lòmíì tó wà á rí. Ó nu yìnyín tó ń yọ́ lórí irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún kúrò fún un.

"Rọra fún un níná. Tó bá ti ń gòkè, má dá a dúró o."

"Clermont, fà á."

Ó fà á. Ghislaine dìde dúró, ó rọra fún un níná, ó sì gbọ́ bí bẹ́líìtì náà ṣe ń yọ̀, tó ń yọ̀, tó wá di ilẹ̀ mú. Imú alùpùpù náà gbéra. Ó yí díẹ̀ sósì, Ghislaine fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ apá ọ̀tún, Clermont níwájú ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí akọ màlúù, okùn gbà á léjìká. Gbogbo rẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Clermont bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa gbá a, ìyàwó rẹ̀ kò sì dúró àfi ìgbà tó dé orí ọ̀nà tó le dáadáa. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ ti jókòó sínú yìnyín, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ní ilé ìsinmi orí òkè, wọ́n jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná àti páì ẹran. Clermont sọ ìtàn náà fáwọn tó wà lórí tábìlì kejì, kò sì fi nǹkan kan pamọ́, àfi pé móòsì náà ń ga sí i bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ìyàwó òun ló wa àgbà alùpùpù yẹn jáde, pé òun fúnra òun kò lè wà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ghislaine ń bu ọbẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbádùn ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn ju èyí tóun fúnra rẹ̀ ń sè lọ, ohun tí kì í sábà gbà.

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá Clermont nínú gáréèjì, àpótí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ wọ̀n wọ́n. Ó ti fi àáké kan àti ṣéènì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jáàkì náà ti tẹ̀ lé wọn. Páànù dúdú yẹn ló di lọ́wọ́ mú, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí kò lè pinnu.

"Fi ìyẹn síbẹ̀," ni Ghislaine sọ fún un. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa dín ẹran."

Clermont gbé páànù náà padà sínú àpótí, ó sì pa ideri rẹ̀ dé.