Ọjọ́ Tí Wọ́n Po Ata Lẹ́yìn Ìyá Munho

"Bàbá Munho, ṣé ara ọkọ̀ yìí kò yá ni?"

"Ara ọkọ̀ le koko."

"Ẹ̀yin ni ara yín kò le nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ fi wa bọ́ọ̀sì, tí àwọn èrò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ rọra. Lónìí, bàbá arúgbó tó gun kẹ̀kẹ́, tó di àpò ìrẹsì sẹ́yìn, ti yà wá sílẹ̀."

"Wọ́n ní ká wá wo etíkun. A kò lè fi eré wò ó."

 Okun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi gan-an, ó tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ oòrùn oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n fóònù tó wà lórí itan rẹ̀ ni ó ń wò. Ọjọ́ kẹrin rèé tí a ti kúrò nílé ní Yechon. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi ìrìn àjò náà ṣe wá lóore: kí a gba Pohang lọ sí Sokcho, kí a máa sùn níbi tó bá wù wá, kí a sì máa jẹ alákàn. Láti ọjọ́ kìíní ni ó ti ń béèrè ohun tí olúkúlùkù ń ṣe nílé. Lánàá, ó bu alákàn sẹ́nu, ó ní Munho, ọmọ wa, ìbá ti bá òun fọ́ ẹsẹ̀ eléyìí, ó sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣe kimchi," ó tún sọ. "Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kábéèjì yẹn kí n tó dé."

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn án?" Ojú ọ̀nà ni mo ń wò nígbà tí mo sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé láti àná ni ọgọ́rin kábéèjì ti wà nínú omi iyọ̀ lágbàlá wa. Ní ọdún tó kọjá, ìyàwó mi tẹ̀ mọ́ bàsíà ata láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, ó sì dùbúlẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Àwọn ọmọ bá ṣèpàdé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pè mí sí i, wọ́n pinnu pé lọ́dún yìí a kò ní sí nílé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yàn fún mi: kí n má tètè dé ibikíbi. Ṣùgbọ́n lábúlé wa, ìyá ilé ló ń po ata tí a ń fi pa kábéèjì oníyọ̀ lára láti sọ ọ́ di kimchi tí gbogbo ẹbí yóò jẹ títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì ń gbé, ẹnikẹ́ni kì í gba bàsíà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ìyẹn náà.

A ti ń wọ Samchok nígbà tí fóònù dún. Ìyá Pilsu, aládùúgbò wa, ni. Etí ìyàwó mi kò mú mọ́, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ.

"Ìyá Munho, o ti di ọlọ́lá. Èrò kún àgbàlá yín bámúbámú, ìyàwó Munho, ọmọ ìlú ńlá yẹn, ló sì jókòó sídìí bàsíà."

"Bàsíà wo?"

"Ti kimchi. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti ń hó lórí iná. Munho ti sùn lọ sídìí ìkòkò."

"Ìyá Pilsu, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀? Bàsíà mi ni wọ́n ń lò. Bàbá Munho fúnra rẹ̀ ló wá yá a lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kí n má sọ fún ọ, pé o fẹ́ sinmi. Háà, mo mà ti sọ ọ́."

Ìyàwó mi pa fóònù. "Ẹ dúró."

"Ká dé iwájú díẹ̀—"

"Mo ní ẹ dúró."

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja, ní èbúté.

"Ọdún mẹ́rìnlélógójì," ó wí. Kò pariwo. "Mo po ata yẹn fún ìyá yín láti ìgbà tí ọwọ́ wọn kò ti gbé mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo pò ó nígbà tí oyún Munho pé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ wá gbé mi sínú ọkọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń tàn lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ ń nàka okun sí mi."

"Ẹ̀yìn rẹ la rò."

"Ẹ̀yìn mi ni ẹ rò, ẹ kò ro èmi."

"Dókítà sọ pé—"

"Ṣé dókítà ló ní kí ẹ purọ́?"

Mo pa iná ọkọ̀.

"Ẹ yí ọkọ̀ padà."

"Wákàtí mẹ́rin ni. Kábéèjì tó ti rọ̀ kò ní dúró dè wá."

Ó pe Serin, ìyàwó Munho.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ń gbádùn etíkun?"

"Serin, ta ló ní kí o jókòó sí ibi tí mo ń jókòó?"

Ariwo àgbàlá wálẹ̀ lójijì. "Munho ló—"

"N kò bi ọ́ ní ti Munho. Munho ń sùn."

"Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo dá a lábàá."

"O láyà."

"Inú ló ń bí èmi náà. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Àlùbọ́sà eléwé ni ẹ ń gbé fún mi gé. Mo gé e nígbà tí mo wà ní ìyàwó tuntun, mo ṣì ń gé e nígbà tí ọmọ mi ti wọ yunifásítì. Bí mo bá sún mọ́ bàsíà, ẹ ó ní ata yóò ta sí mi lójú. Èmi ni mo ń yí yín padà lórí ibùsùn lọ́dún tó kọjá, mo sì ń rò ó pé bí nǹkan bá ṣe yín, ta ló mọ bí ata ilé yìí ṣe ń rí? Ẹ kò fi han ẹnikẹ́ni."

Serin kò tíì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Mo rò pé ìyàwó mi yóò pa fóònù náà. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Báwo ni èyí tí o pò ṣe rí?" ó bi í.

"Kò rí bíi tiyín. Mo ti fi omi ẹja oníyọ̀ kún un lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo wọn ní ó dára, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni."

"Irọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n pa nílé yẹn." Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. "Omi ẹja náà pọ̀ tó báwo?"

"Màmá, báwo ni tiyín ṣe máa ń pọ̀ tó?"

Ó kó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jọ bí ẹni tó fẹ́ bu omi, ó sì wò ó. "Títí yóò fi tó."

"Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Mo mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan." Kò pa fóònù náà, ó mú un dání bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó bá obìnrin kan tó ń ta ẹja, ó ní kó yá òun ní bàsíà, kó sì bá òun wá ata gígún, omi ẹja, aáyù àti atalẹ̀.

"Ìyá, ṣé ojú títì lẹ ti fẹ́ ṣe kimchi ni?"

"Ẹnìkan ni mo fẹ́ kọ́."

Ó jókòó sórí àpótí ẹja, ó fi ọwọ́ bu omi ẹja bó ṣe máa ń bù ú, ṣùgbọ́n ife kọfí oníbébà tí mo dì mú ni ó dà á sí. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi ní ó tó.

"Ẹ sọ iye rẹ̀, kí ẹ má sì purọ́ nínú èyí."

"Ife kan ó lé díẹ̀."

"Èwo ni díẹ̀? Díẹ̀ náà ni ẹ máa pe ohun tí ẹ ṣe fún mi. Ẹ wò ó dáadáa."

"Ife kan ààbọ̀."

"Serin, ife kan ààbọ̀ fún ogún kábéèjì tí bàsíà kan ń gbà. Tìrẹ ti pọ̀ jù. Ṣé ògì ìrẹsì ṣì kù?"

"Ó kù, Màmá."

"Pò ó mọ́ ọn, yóò dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Ó yá, ata."

Báyìí ni a ṣe wọn gbogbo rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà yí wa ká. Ọ̀kan ní kí a rin èso píà sí i. Ìyàwó mi ní kó lọ rin ín sí ti ilé rẹ̀. Nígbà tó kan aáyù, ó bù ú, ó dá díẹ̀ padà, ó ronú, ó tún bù ú.

"Tọ́ ọ wò," ó sọ fún Serin.

A gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Òun nìyí, Màmá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Òun ni."

"Ẹ jí Munho kó máa gbé àwọn ìkòkò. Ìwọ kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kankan. Èmi kò lè máa yí ọ padà lórí ibùsùn." Ó pa fóònù.

A dá bàsíà padà, a sì wọ ọkọ̀. Mo bi í bóyá ilé ni ká kọrí sí.

"Sokcho. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

"Ṣé o ti dárí jì wá?"

"Mo ti dárí ji Serin. Ó sọ tiẹ̀ sí mi lójú. Ẹ̀yin kò tíì sọ nǹkan kan."

Mo ṣíná sí ọkọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí sí ìpàdé.