Ẹnu Ẹ̀rọ Olóyè Adélékè

Kí a tó fi ẹnìkan ṣe alága ayẹyẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ó kọ́kọ́ wo fìlà rẹ̀, a ó wo mọ́tò rẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá rántí ohun tí ayẹyẹ ọ̀hún wà fún. Nítorí náà, ní ọdún 1985, nígbà tí àdúgbò wa pinnu láti dá àwọn panápaná wa lọ́lá, kò gba àríyànjiyàn kankan kí ipò alága tó já mọ́ Olóyè Frederick Adélékè lọ́wọ́. Fìlà rẹ̀ ga. Mọ́tò rẹ̀ gùn débi pé bí iwájú rẹ̀ bá ti yà wọ òpópónà wa, ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú títì.

Àwọn panápaná tí mo ń wí kì í ṣe ti ìjọba. Ará àdúgbò ni wọ́n, tọkùnrin tobìnrin. Bí iná bá sọ, ẹnìkan a lu irin tó so mọ́ igi lójú ọ̀nà, gbogbo wọn a sì sáré jáde tàwọn ti garawa àti àpò tí wọ́n rẹ sómi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Olórí wọn ni Simeon Bọ́dúnrìn, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Panápaná. Òun nìkan ló ní akoto irin láàárín wọn. Aya rẹ̀, Helen, máa ń sọ pé bí òun bá jẹ́ kó gbé akoto náà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, yóò gbé e wọ̀ ọ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ayẹyẹ yìí ni iná jó ilé ìyá Kúbúrátù. Kúbúrátù, télọ̀ aláṣọ obìnrin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn panápaná náà. Kànga gbogbo ti gbẹ; ẹrẹ̀ ni garawa ń gbé bọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí omi wà ni ọgbà Olóyè Adélékè, ẹni tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó sì gbé táńkì sókè gíga kí àwọn tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lè rí i lókèèrè. Ṣùgbọ́n Olóyè wà ní Èkó, mẹ́gáàdì sì ní wọn ò pàṣẹ fún òun láti ṣí géètì. Wọ́n gbá géètì títí. Kí wọ́n tó fo ògiri wọlé, òrùlé ti wó lu ìyá àgbà náà.

Olóyè wá sí fìdáù. Ó mú màlúù wá. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ géètì lójú màlúù.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo làwọn panápaná ń fẹ́: kí Olóyè fa páìpù kan jáde sẹ́yìn ògiri, kí ẹnu ẹ̀rọ wà níta, lójú ọ̀nà, níbi tí kò ti sí géètì. Wọ́n rán ènìyàn sí i. Ó fún wọn ní míńrà mu, ó ní òun á wò ó. Ó ń wò ó lọ.

Nígbà tí ayẹyẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, Kúbúrátù lọ bá Simeon nílé.

"Ọ̀gá, wọ́n á gbé máìkì lé yín lọ́wọ́. Ẹ bi í lójú gbogbo ayé. Ẹ ní géètì rẹ̀ ló pa ìyá mi."

Helen gbé orí sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. "Àti ká gbẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ ayẹyẹ, ká tún bú u? Kúbúrátù, kò dáa bẹ́ẹ̀ o."

"Ẹ̀bùn wo, mà? Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo ń sọ."

"Màá sọ̀rọ̀," ni Simeon wí. "Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ mi bọ̀."

"Òyìnbó ni gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀," ni Helen dáhùn. "Olóyè gan-an ò ní mọ̀ bóyá wọ́n bú òun."

Ọjọ́ pé. Alága sọ̀rọ̀ lórí alága. Wọ́n wá gbé ẹ̀bùn jáde: aago ara ògiri ńlá. Àwòrán Olóyè Adélékè ló wà láàárín rẹ̀, ọwọ́ aago ń yí kọjá lójú rẹ̀. Orúkọ Simeon wà nísàlẹ̀, létí férémù, bí ẹni tó pẹ́ dé tó ń wá ibi jókòó.

Simeon gba máìkì. Kò yọ ìwé kankan lápò. Ó wo Kúbúrátù tó jókòó níwájú, ó wo Olóyè. Ó mọ̀ pé bí òun bá dójú ti ọkùnrin yìí, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì mú màlúù mìíràn wá.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "ẹ ń pè mí ní Ọ̀gá Panápaná. Irọ́ ni. Ọ̀gá wa ló jókòó yẹn. Ta ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò yìí? Òun ni! Ó ti sọ fún mi pé òun á fa omi jáde síta kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹnikẹ́ni lè pọn ọ́n tọ̀sán tòru. Ó ní kí n má wí fẹ́nì kan, nítorí kò fẹ́ àṣehàn. Ẹ dárí jì mí, Olóyè, ẹnu mi ò gbà á mọ́."

Olóyè la ẹnu. Àtẹ́wọ́ ló bá a pa á dé.

"A ó kọ ọ́ sára ògiri," ni Simeon ń bá a lọ, "pé òun ni olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wa." Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó gbé e dání níwájú Olóyè. Olóyè wo akoto, ó wo ayàwòrán tó ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ dè é, ló bá ṣí fìlà rẹ̀. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé orí rẹ̀ pá.

Kúbúrátù dìde, ó jáde. Simeon bá a lẹ́yìn àgọ́.

"Ẹ fi òkú ìyá mi pọ́n ọn lé," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Simeon dáhùn.

Kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ ti wà níta. Òkúta dídán kan wà lókè rẹ̀ tó ń sọ bí Olóyè Frederick Adélékè ṣe dá Ẹgbẹ́ Panápaná sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pọn omi níbẹ̀, àfi Kúbúrátù. Ó ń lọ pọn tirẹ̀ lókèèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, irin dún. Ilé ìdáná kan ló gbiná, ọmọ méjì sì wà nínú yàrá tó fara tì í. Simeon dúró tí ẹnu ẹ̀rọ, ó ń pọn, wọ́n ń gbà. Láàárín èéfín ló rí ọwọ́ obìnrin kan tó na garawa sí i, ó pọn omi sí i, ọwọ́ náà padà wá, ó tún pọn sí i. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà jáde, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n sì ń wúkọ́, ló tó gbé ojú sókè rí i pé Kúbúrátù ni.

Iná kú. Àwọn èèyàn túká. Kúbúrátù dúró níwájú òkúta náà, ó kà á tán.

"Orúkọ ìyá mi ò sí níbẹ̀," ló wí.

"Tèmi náà ò sí níbẹ̀."

"Tiyín kọ́ ni mo bèèrè, Ọ̀gá."

Simeon gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọn omi kún un, ó sì gbé e rù ú.